Yàrá Tí Mi Ò Kan Páànù Sí ní Bọ́lọ́rundúró

Ẹgbẹ̀rún lọ́nà márùndínlọ́gọ́ta náírà ni wọ́n pe akọ tòlótòló kan fún mi ní Oǹdó, lọ́jọ́ tí mo fẹ́ lọ bẹ àwọn ẹbí ọkọ mi. Mo bi ọkùnrin tó ń tà á bóyá tòlótòló náà mọ̀wé ni. Ó ní, "Ìyá, bí ẹ ò bá ní í rà á, ẹ má bú u. Ó ń gbọ́." Mo rà á. Èèyàn kì í mi ọwọ́ méjèèjì dànù lọ tọrọ nǹkan lọ́wọ́ àwọn tó gbé e níyàwó, pàápàá nígbà tí ọkọ ti kú, tí ohun tó sì fẹ́ tọrọ jẹ́ ilé àwókù tí ewúrẹ́ gan-an ń rò ó lẹ́ẹ̀mejì kó tó wọ̀ ọ́.

Amọ̀kòkò ni mí. Mo mọ ìkòkò, mo tà á, mo fi bímọ, mo fi tọ́mọ. Ìwé mi ò kọjá pírámárì kẹta. Ọmọ mi obìnrin ló ń bá mi kọ èyí tí ẹ ń kà yìí, mo sì ti kìlọ̀ fún un pé kó má fi ẹnu tirẹ̀ tún tèmi ṣe. Àwọn ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde níléèwé máa ń wá bi mí pé, "Màmá, ṣé iṣẹ́ ọwọ́ lè bọ́ èèyàn?" Èmi náà á bi wọ́n pé, "Ẹ wò mí dáadáa, ṣé mo jọ ẹni tí ebi ń pa?" Wọ́n á wo ìbàdí mi, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín.

Ìjàrè ni wọ́n bí mi sí. Ìyá mi ló mú mi lọ bá Yèyé Adétutù, tí gbogbo àdúgbò ń ra àmù lọ́wọ́ wọn. Gbígbà tí wọ́n gbà mí kò gba àkókò: ìyá mi kúnlẹ̀, ó sọ pé, "Yèyé, ẹ bá mi fi ọwọ́ rẹ̀ ṣèèyàn," ó dìde, ó gba ọ̀nà oko lọ. Owó oṣù kọ́, owó ọ̀sẹ̀ kọ́. Oúnjẹ ni, ìyẹn náà, ọjọ́ tí mo bá ṣe dáadáa.

Ẹ̀yin tí ẹ ń rí i nínú fóònù pé èèyàn jókòó pẹ̀sẹ̀, tí amọ̀ ń yí níwájú rẹ̀, ẹ gbé ìyẹn tì ná. Lọ́dọ̀ tiwa, ìkòkò kì í yí. A ó da ìkòkò àtijọ́ kan dojú dé ilẹ̀, a ó tẹ́ amọ̀ lé ìdí rẹ̀, a ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, a ó wá máa fi ẹ̀yìn rìn yí i ká, bí a ti ń rìn la ó máa fi ọwọ́ fà á, títí ara rẹ̀ á fi gún. Ìwọ gan-an ni ẹ̀rọ. Ìkòkò dúró, ìwọ ni ò ń yí.

Yèyé ò fún mi lámọ̀. Wọ́n gbin iṣu lọ́dún náà, iṣu ta, wọ́n wà á, mi ò tíì fọwọ́ kan amọ̀. Ìkòkò òfìfo kan ni wọ́n dà délẹ̀ fún mi, wọ́n da eérú yí i ká, wọ́n ní kí n máa fi ẹ̀yìn rìn. Bí mo bá ṣe é tán, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ wo ojú ẹsẹ̀ mi nínú eérú.

"Agbo rẹ wọ́ síbí. Ṣé ẹmu lo mu ni?"

"Rárá o, Yèyé. Ẹ̀yìn ló ń dùn mí."

"Ẹ̀yìn kẹ̀? Èmi tí mo bí mẹ́sàn-án ni mo lẹ́yìn. Ìwọ, igi lásán ni wọ́n fi há ibẹ̀. Tún un rìn. Uṣẹ́ ni, kì í ṣe eré."

Uṣẹ́ là ń pe iṣẹ́ nílé wa. Lẹ́nu Yèyé, ọ̀rọ̀ náà máa ń dún bí ìgbà tí wọ́n ṣá igi.

Ìkòkò àkọ́kọ́ tí mo dá mọ, mo fi aṣọ bò ó bí ọmọ ìkókó. Yèyé ṣí aṣọ, wọ́n wò ó lọ́tùn-ún, wọ́n wò ó lósì, wọ́n yí padà, wọ́n sì fìdí jókòó lé e. Ó tẹ́ pẹrẹsẹ. Wọ́n ní, "Ìkòkò tí ò lè gba ìdí mi, ṣé ó lè gba ọwọ́ obìnrin tí orogún ṣẹ̀ṣẹ̀ bú?" Mo bú sẹ́kún. Wọ́n ní kí n sun ẹkún náà sínú amọ̀, omi ló ń fẹ́. "Kò tíì rí iná, kò tíì bàjẹ́. Rẹ ẹ́ sómi. Lọ́la wàá tún un mọ." Ìgbà tí wọ́n fún mi lómìnira, ìkòkò tí mo mọ gba ìdí Yèyé, ó gba ti ọ̀rẹ́ wọn tó tún sanra jù wọ́n lọ. Àwọn méjèèjì ló fi ìdí bùkún mi.

Mo fẹ́ ọmọ Oǹdó kan tó ń wa ọkọ̀ kòkó, a sì wá ń gbé ní Àkúrẹ́. Mo gba àgbàlá kan ní Ọ̀bà-Ilé. Ibẹ̀ ni mo ti ń mọ ìkòkò, ibẹ̀ ni mo ti ń sun ún, màá sì kó o lọ sọ́jà. Ibẹ̀ lojú mi ti rí oríṣiríṣi. Rọ́bà dé, ó pa àmù. Fíríìjì dé, ó sin ín. Àmù tí ìyàwó ò ní í lọ sílé ọkọ láìní di ohun tí wọ́n ń fi pọn omi adìẹ. Àwọn tá a jọ ń ṣe é fi í sílẹ̀, wọ́n ń ta gààrí, wọ́n ń bi mí pé kí ni mo ṣì ń dúró dè. Mo ní mò ń dúró de kí rọ́bà lè gbé iná. Mo yí ọwọ́ padà, mo ń mọ ìkòkò òdòdó fún àwọn olówó, ìkòkò tí wọ́n máa lu ìdí rẹ̀ jò kí wọ́n tó lò ó! Nígbà tó yá, àwọn ilé oúnjẹ gbọ́n. Wọ́n rí i pé ẹja tí wọ́n bá gbé sínú ìṣaasùn amọ̀ ń pa owó ju èyí tó wà nínú àwo lọ, ẹja kan náà, ata kan náà. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í wá mi kiri. Ẹnì kan tilẹ̀ ta ẹ̀rọ oníná tó ń yí amọ̀ fún mi. Mo jókòó sí i lẹ́ẹ̀kan, amọ̀ fò, ó lọ lẹ̀ mọ́ ògiri. Adìẹ mi ló ń sàba lórí ẹ̀rọ náà báyìí, kò sì tíì ráhùn.

Rọ́bà ò lé mi. Fíríìjì ò lé mi. Èéfín ló lé mi. Ìlú wá bá wa ní Ọ̀bà-Ilé, ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì yí àgbàlá mi ká. Ọkùnrin kan wá bá mi, ó gbé aṣọ funfun dání.

"Màmá, èéfín yín ti ba aṣọ mi jẹ́."

"Ọmọ mi, ọjọ́ tí o ń ra ilẹ̀, ṣé imú rẹ ò bá ọ wá ni?"

Ó bínú, ó lọ, ó kó àwọn aládùúgbò jọ. Onílẹ̀ tí mo gba àgbàlá lọ́wọ́ rẹ̀ ò tilẹ̀ dúró gbọ́ ẹjọ́, ó ta ilẹ̀. Ọkọ mi ti kú nígbà náà. Àwọn ọmọ mi ní kí n wá jókòó ti àwọn, kí n máa wo tẹlifíṣọ̀n. Amọ̀kòkò tí kò ríbi dáná, kí ló kù tó jẹ́? Bí mi ò bá ríbi tí iná ti lè jó, iṣẹ́ tí Yèyé fi ìdí kọ́ mi máa kú mọ́ mi lọ́wọ́. Mo rántí ilé kòkó.

Bàbá ọkọ mi ló kọ́ ọ sí Bọ́lọ́rundúró nígbà tí kòkó jẹ́ kòkó. Ògiri amọ̀ tó nípọn, yàrá ńlá mẹ́ta lórí ìlà, pèpéle sìmẹ́ńtì gbọọrọ níwájú tí wọ́n ń sá kòkó sí. Òrùlé yàrá àárín ti jìn, igi ìbẹ́pẹ ti hù níbẹ̀, ó sì ti so. Mo gbé tòlótòló, mo kúnlẹ̀ níwájú ẹbí.

Ẹni tó kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ ni àbúrò ọkọ mi. Akọ̀wé ni mò ń pè é, nítorí ìyàwó ilé kì í pe orúkọ ẹni tó bá nílé ọkọ. Mo fi bí ọdún mẹ́wàá jù ú lọ, ṣùgbọ́n òun ló ń pè mí ní ìyàwó, èmi ni mò ń fi ẹ̀yin pè é. Bí ayé ṣe ń yí nìyẹn. Ìkòkò nìkan ni kì í yí.

"Ìyàwó," ó ní, "oníkajú kan ń wá ibi tó máa kó ẹrù sí. Ó ṣe tán láti ra ilẹ̀ yẹn, kó wó ilé náà, kó kọ́ tuntun. Kí lo fẹ́ fi àwókù ṣe?"

"Akọ̀wé mi, ilé ni mo fẹ́ fi ṣe. Kí n máa sùn níbẹ̀, kí n máa ṣiṣẹ́ níbẹ̀, kí n máa kọ́ ọmọ níbẹ̀."

Bàbá olórí ẹbí jẹ́ àgbà tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Wọ́n wo tòlótòló, wọ́n wò mí. Wọ́n ní bí mo bá lè sọ ọ́ di ilé tó ń ṣiṣẹ́ kí wọ́n tó tún já kòkó, tèmi ni títí ọjọ́ ikú mi. Bí mi ò bá lè ṣe é, kí oníkajú máa bọ̀. Akọ̀wé ní ó ku ọ̀kan: wọ́n gbọ́dọ̀ fi sìmẹ́ńtì rẹ́ ògiri iwájú tó kọjú sí títì, ẹbí àwọn ò lè ní ilé amọ̀ lójú gbogbo ayé. Mo gbà. Kí ni mo mọ̀?

Ẹnì kan tó ń jẹ́ Tèmi ló ya ilé náà. Ọmọ ọ̀rẹ́ mi kan ní Àkúrẹ́ ni, ó kọ́ iṣẹ́ yíya ilé, ẹnu rẹ̀ sì mú díẹ̀, ìdí nìyẹn tí mo fi fẹ́ràn rẹ̀. Ó gbé bébà ńlá kan wá, ó ti to tábìlì àti àga mọ́ ara ògiri yàrá iṣẹ́.

"Tèmi, ta ló fẹ́ jókòó?"

"Ẹ̀yin àti àwọn tí ẹ ń kọ́, Màmá."

"Mi ò jókòó mọ ìkòkò rí."

"Ẹ ṣe é kí n rí i nígbà náà. Ẹ má kàn máa bú mi."

Mo bu eérú, mo dà á sílẹ̀ nínú yàrá ọwọ́ ọ̀tún, mo da ìkòkò dojú délẹ̀, mo tẹ̀, mo fi ẹ̀yìn rìn. Nígbà tí mo nàró, agbo ti wà nílẹ̀, ó gún gẹ́lẹ́, ẹsẹ̀ ọmọ Yèyé. Tèmi wò ó títí. Ó ju bébà sápá kan, ó fa èédú jáde, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fa agbo sílẹ̀ẹ́lẹ̀, agbo kan fún amọ̀kòkò kan, ó sì fi àyè sílẹ̀ láàárín kí ẹni tó gbé ìkòkò tútù lè kọjá.

"Fi kún àyè yẹn," mo ní. "Ẹ̀yìn là ń fi rìn. Ìdí wa ló ń ṣáájú wa."

Ó wo ìdí mi. Ó fi kún un dáadáa.

Bẹ́ẹ̀ la ṣe ya gbogbo rẹ̀, nílẹ̀, pẹ̀lú ara. Ilẹ̀kùn, a fẹ̀ ẹ́ títí mo fi lè gbé àmù wọlé láìfi ìgbọ̀nwọ́ kan igi. Pèpéle kòkó di ibi tí à ń sá ìkòkò kó tó wọná. Ibùsùn, èmi fẹ́ kó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi iná, nítorí òtútù. Tèmi ní òun ò ní í ya ilé tí wọ́n ti máa yan mí bí ẹja. Ó gbé e lọ sí yàrá ọwọ́ òsì, ní ìpẹ̀kun, níbi tí afẹ́fẹ́ ti ń wọlé. Òun ló tọ̀nà. Mi ò ní í sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì.

Yàrá àárín ló dá ìjà sílẹ̀. Tèmi ti ka iye páànù tó máa bò ó. Mo ní a ò ní í kan páànù kankan sí i, ibẹ̀ ni iná máa gbé. Ẹ̀fúùfù ni ọ̀tá ẹni tó ń sun ìkòkò. Ó lè fẹ́ lu ìkòkò gbígbóná lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kó sì là á gbàà. Níbí, ògiri mẹ́rin ló máa dá a dúró, èéfín á gba òkè lọ bá Olúwa rẹ̀.

"Òjò ńkọ́, Màmá? Ògiri amọ̀ tí ò ní òrùlé, òjò á tú u."

Ọ̀rọ̀ gidi nìyẹn. Tèmi bá wo òkìtì àpáàdì tí mo kó wá láti Ọ̀bà-Ilé, ìkòkò fífọ́ ọdún gbọọrọ. Ó ní ká fi wọ́n bo orí ògiri, ká tò wọ́n léra bí ìpẹ́ ẹja, kí omi máa ṣàn kúrò. Òun ló ní ọgbọ́n, èmi ni mo ní àpáàdì.

Àwọn ará abúlé ń kọjá, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. "Ìyá, ẹ kọ́lé tán, ẹ gbàgbé òrùlé!" Mo ní mi ò gbàgbé, mo fi sílẹ̀ kí Ọlọ́run lè máa rí mi. Akọ̀wé wá ń pariwo pé mò ń fi ẹbí ṣẹ̀sín. Mo ní, "Akọ̀wé mi, ẹ ní kí n rẹ́ iwájú, mo ti rẹ́ iwájú. Ẹ ò bá mi sọ̀rọ̀ òkè." Lóòótọ́, iwájú náà dán, bíríkìlà fi sìmẹ́ńtì na ògiri yàrá iṣẹ́, òun nìkan ló kọjú sí títì gan-an, títí ó fi ń tàn. Inú èmi alára dùn sí i. Èmi tí mo mọ̀ láti kékeré pé a kì í lẹ ọ̀tun mọ́ ògbólógbòó gbígbẹ, mo dúró lójú títì, mò ń yin ògiri!

Òjò àárín ọdún dé. Omi wọ ẹ̀yìn sìmẹ́ńtì, kò ríbi jáde mọ́. Ìkòkò tútù ti kún yàrá iṣẹ́, èmi àti ọmọbìnrin méjì tí mò ń kọ́ ti fi gbogbo àsìkò yẹn mọ wọ́n, à ń dúró de kí òjò dá ká sun ún. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, ògiri iwájú yẹn wú bí ikùn olóyún, ó sì wó sínú yàrá pẹ̀lú sìmẹ́ńtì rẹ̀. Ó wó lu gbogbo ìkòkò. A wà lórí pèpéle níta. Bí ó bá bá wa nínú ilé ni, ẹlòmíì ni ì bá máa sọ ìtàn yìí. Ẹ ò ní í gbàgbọ́ ọ̀kan: yàrá tí ò lórùlé, tó gbé àpáàdì lórí, kò mì. Èyí tí wọ́n fi ọ̀ṣọ́ sí ló ṣubú.

Àwọn ọmọbìnrin méjèèjì ń sunkún. Èmi náà fẹ́ sunkún, ẹnu mi ti ṣí, ṣùgbọ́n ẹ̀rín ló jáde. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ wo ohun tó fọ́. Mo ní, "Ẹ dákẹ́, ẹ wá dúrọ́ọ̀mù. Ẹ pọnmi sí i."

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, Akọ̀wé dé, ó jókòó nínú jíìpù oníkajú. Ìròyìn ti dé Oǹdó kó tó di alẹ́. Wọ́n bá wa tí a ti ká aṣọ dé orúnkún, tí à ń fẹsẹ̀ tẹ amọ̀.

"Ìyàwó, pẹ̀lẹ́. Ojú rẹ mà rí nǹkan."

"Ẹ ṣé o, Akọ̀wé mi. Ẹ bọ́ bàtà, ẹ wá bá wa tẹ amọ̀."

"Amọ̀ wo? Ògiri ti wó, ìkòkò ti fọ́, oṣù díẹ̀ ló kù kí wọ́n já kòkó. Ó ti tán."

"Kò tíì rí iná, kò tíì bàjẹ́," mo ní. "Ìkòkò tútù tó fọ́, omi ló ń fẹ́, á padà di amọ̀. Ògiri amọ̀ tó wó, omi ló ń fẹ́, á padà di ògiri. Ẹ wo dúrọ́ọ̀mù: ìkòkò nìyẹn. Ẹ wo ìsàlẹ̀ ẹsẹ̀ mi: ògiri yín nìyí. Sìmẹ́ńtì yín nìkan ló kú. Ẹ bá mi kó òkú rẹ̀ lọ sílé."

Oníkajú rẹ́rìn-ín. Ọkùnrin jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ ni. Ó ní òun ò bá ẹnikẹ́ni jà, òun kàn mú nǹkan wá kí òun fi tu Màmá nínú, kí Màmá lè kó ẹrù wọn lọ sọ́dọ̀ àwọn ọmọ. Akọ̀wé fa àpòòwé owó jáde, ó gbé e lé mi lọ́wọ́ tòun ti amọ̀. Mo jókòó lórí pèpéle, mo bẹ̀rẹ̀ sí í kà á.

Akọ̀wé rẹ́rìn-ín. "Ó ti gbà!"

"Mi ò gbà. Owó tí mo máa kọ̀ ni mò ń kà. Ọlọ́jà kì í kọ ohun tí kò mọ iye rẹ̀." Mo kà á tán, mo gbójú sókè sí oníkajú. "Ọ̀gá, èló lẹ ní ẹ kó síbí?"

"Irinwó ẹgbẹ̀rún náírà, Màmá."

"Ó fi ẹgbẹ̀rún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún dín."

Gbogbo wa yíjú sí Akọ̀wé. Akọ̀wé yíjú sí ojú ọ̀run bí ẹni tó ń wá òjò. "Epo mọ́tò ti wọ́n," ó ní.

"Mọ́tò ta ni?" oníkajú bi í. "Ṣebí mọ́tò mi lo wọ̀ wá!"

Àwọn ọmọbìnrin mi tó ń sunkún lánàá fẹ́rẹ̀ẹ́ fi ẹ̀rín ṣubú sínú amọ̀. Mo dá àpòòwé padà, mo kúnlẹ̀ kí Akọ̀wé bí ìyàwó gidi, mo sì padà sẹ́nu iṣẹ́.

A mọ ògiri náà padà láìsí sìmẹ́ńtì, a sì jẹ́ kí etí òrùlé rẹ̀ yọ síta kí òjò má baà lù ú. A tún ìkòkò mọ. Kí wọ́n tó já kòkó, òjò dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀, a to igi àti imọ̀ ọ̀pẹ gbígbẹ sí yàrá àárín, a sun ún. Bàbá olórí ẹbí wá wò ó fúnra wọn. Wọ́n fi ọ̀pá kan ògiri yàrá iná, ó dún kín-ín-kín-ín bí ìkòkò, nítorí iná ti ń sun òun náà díẹ̀díẹ̀.

"Ta ló sun ògiri?"

"Iná ni, Bàbá."

Wọ́n wo òkè, wọ́n rí ojú ọ̀run. Wọ́n la ẹnu.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ ọ́."

Wọ́n pa ẹnu dé, wọ́n mú ìṣaasùn kan tó wù wọ́n, wọ́n ní ilé ni, tèmi ni.

Mo ti fi ọjà sílẹ̀ báyìí. Àwọn ọmọbìnrin ló ń kó ẹrù lọ sí Àkúrẹ́, èmi ń sùn ní ibi tí Tèmi fi mí sí, mo sì ń da eérú sílẹ̀ fún àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bọ̀, mò ń wo ojú ẹsẹ̀ wọn. Ẹ̀yin tí ẹ ń bi mí bóyá kẹ́ ẹ kọ́ṣẹ́ ọwọ́, mi ò ní í tàn yín: ẹ̀yìn á dùn yín, wọ́n á fìdí jókòó lé iṣẹ́ yín, ayé á ní ó ti tán. Ẹ kọ́kọ́ wò ó bóyá ó ti rí iná.

Akọ̀wé ò tíì dárí jì mí. Kò sí ìpàdé ẹbí tí kì í tún un sọ, pé ìyàwó yìí ló fi ẹsẹ̀ amọ̀ ta irinwó ẹgbẹ̀rún náírà nù. Mi ò bá a jiyàn pé mo pàdánù. Mo kàn máa ń kúnlẹ̀, màá tún ìṣirò rẹ̀ ṣe níwájú gbogbo ẹbí: "Akọ̀wé mi, irinwó ẹgbẹ̀rún kọ́. ₦385,000 ni."